Ṣíṣe Ìtẹ́lẹ̀ Ife Onígi Nínú Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìtẹ́lẹ̀ ife ni pẹlẹbẹ kékeré tí a máa ń gbé ife lé, kí omi tàbí ooru ara rẹ̀ má baà ba ojú tábìlì jẹ́. Nínú ohun gbogbo tí ènìyàn lè fi igi ṣe, ó wà lára àwọn tó rọrùn jù lọ láti gé, ó sì wà lára àwọn tó tètè máa ń já ẹni kulẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kí ó máa bá omi jà lójoojúmọ́. Ẹ ó rí i pé omi ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé: omi tó wà nínú igi kí a tó gé e, àti omi tí yóò máa bá a lẹ́yìn tí a bá ti parí rẹ̀.

Ibo ni omi abẹ́ ife ti ń wá, nígbà tí ife náà kò jò?

Inú afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ní omi nínú bí a kò tilẹ̀ fojú rí i. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá kan ara ife tó tutù, òun náà á tutù débi pé kò ní lè gbé gbogbo omi inú rẹ̀ mọ́, èyí tí kò lè gbé á sì di ẹ̀kán omi lára ife. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ife ń làágùn. Òógùn náà á ṣàn wá sísàlẹ̀, á sì yí ìdí ife ká bí òrùka. Ti ife gbígbóná yàtọ̀: ooru rẹ̀ máa ń mú kí fánìṣì ojú tábìlì rọ̀, oru omi tó há sábẹ́ ìdí ife á sì wọnú fánìṣì náà, àbàwọ́n funfun á bá yọ. Ìtẹ́lẹ̀ ife tó bá yẹ ní lílò gbọ́dọ̀ lè fara da méjèèjì.

Irú igi wo ló dára jù?

Igi líle tí ihò ara rẹ̀ kéré ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Maple, cherry àti beech wà nínú irú èyí, ojú wọn máa ń dán dáadáa, omi kì í sì í tètè rí ọ̀nà wọ̀ wọ́n. Tíìkì ní òróró àbínibí tó ń lé omi sẹ́yìn, ìrókò náà kì í sì í tètè jẹrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku rẹ̀ máa ń yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, ní ara àti ní imú. Ọ̀gànwó rọrùn láti gé, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń jinlẹ̀ sí i bí ó bá ṣe ń pẹ́. Oak lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò ara rẹ̀ fẹ̀, ó sì ní tannin nínú, èyí tí í ṣe èròjà inú igi tí irin àti omi máa ń sọ di dúdú. Bí ẹ bá gbé ohun tí wọ́n fi irin ṣe lé e lórí nígbà tí ojú rẹ̀ tutù, àmì dúdú máa jáde níbẹ̀, kì í sì í rọrùn láti nù.

Páìnì àti àwọn igi rírọ̀ mìíràn dára fún ìdánrawò. Wọ́n rọrùn fún ayùn, àmọ́ ìdí ife lásán lè tẹ ojú wọn wọlé, oje wọn sì lè máa yọ jáde bí ife gbígbóná bá wà lórí wọn. Ọparun kì í ṣe igi rárá, ìdílé koríko ló wà. Síbẹ̀ pákó tí wọ́n fi ọparun pọ̀ le, a sì lè lò ó bí a ṣe ń lo igi líle.

Ṣé mo lè lo plywood tàbí MDF?

Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò dà yín. Ẹ̀gbẹ́ plywood, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ìpele igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ pọ̀, máa ń mu omi, àwọn ìpele rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára ara wọn. MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gúlù tẹ̀ pọ̀, a máa wú, kì í sì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ bó bá tilẹ̀ gbẹ. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹ ní, ẹ kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìlọ́po méjì iye ìgbà tí ẹ kun ojú rẹ̀.

Igi àlòkù ńkọ́, bíi ti pálẹ́ẹ̀tì?

Igi àlòkù dára nítorí pé ó ti gbẹ tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ti ojú rẹ̀ kọjá. Lára àwọn pálẹ́ẹ̀tì tí a fi ń kó ẹrù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ẹ ó rí àmì tí ìlànà àgbáyé tó ń jẹ́ ISPM 15 béèrè fún. Bí ẹ bá rí lẹ́tà HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀: àárín igi náà gbọ́dọ̀ gbóná dé 56°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Irú èyí ṣeé lò. Bí ó bá jẹ́ MB ni ẹ rí, gáàsì methyl bromide ni wọ́n fín sí i, ẹ fi sílẹ̀. HT pàápàá kò sọ ohun tó ti dà sórí pákó náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń lò ó, nítorí náà pákó tó bá ní àbàwọ́n òróró tàbí tó ń rùn kò yẹ ní gígé.

Èyí tó léwu jù ni igi ìta gbangba tí wọ́n ti fi oògùn rẹ kí ikán má baà jẹ ẹ́. Oògùn tí wọ́n ń pè ní CCA ní arsenic nínú, májèlé sì ni. Láti ìparí ọdún 2003 ni wọ́n ti dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ jù lọ igi tí wọ́n ń lò ní ilé gbígbé ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn pákó tó ti wà kí ó tó di ìgbà náà ṣì wà káàkiri. Bí igi bá ní àwọ̀ ewé tí kì í ṣe ti ẹ̀dá rẹ̀, tàbí tí ọ̀dà àtijọ́ tó lè ní òjé nínú wà lójú rẹ̀, ẹ má ṣe fi ayùn tàbí sáńpépà kàn án.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé igi ti gbẹ dénú?

Ojú kò tó o mọ̀, ọwọ́ náà kò sì tó o. Ẹ̀rọ kékeré wà tí a fi ń wọn omi inú igi. Bí ó bá fi ìdá 6 sí 12 nínú 100 hàn, igi náà ti ṣeé lò fún nǹkan inú ilé. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ náà lè lo òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Ẹ wọn igi náà, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ sí ara rẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń fúyẹ́, omi ṣì ń jáde nínú rẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra, òun àti afẹ́fẹ́ ilé yín ti dọ́gba. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ní ìṣirò kan tí wọ́n máa ń sọ lẹ́nu, pé pákó tí a tò síta láti gbẹ nílò nǹkan bí ọdún kan fún ínǹṣì kan tó bá nípọn. Ìṣirò náà kò péye, nítorí pé igi yàtọ̀ sí igi, afẹ́fẹ́ ibì kan sì yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì kò lè tó.

Báwo ló ṣe yẹ kí ó tóbi tó, ẹ̀yọ mélòó sì ni pákó kan máa mú jáde?

Sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn àti ní ìbú, ìyẹn bí ínǹṣì 4, máa gba ọ̀pọ̀ jù lọ ife. Kí ó nípọn tó mìlímítà 8 sí 12. Èyí tó bá tín-ín-rín ju mìlímítà 6 lọ máa ń tètè ká, èyí tó bá sì nípọn jù máa ń mú kí ife dà bí ohun tó gun orí àpótí.

Ìṣirò pákó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í. Pákó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60 kò lè mú ẹyọ mẹ́fà oní-sẹ̀ǹtímítà 10 jáde, nítorí pé ayùn pàápàá ń jẹ igi níbi tó bá gbà kọjá. Bí ẹnu ayùn bá nípọn ní mìlímítà 3, ojú ìgé márùn-ún tó wà láàárín ẹyọ mẹ́fà máa jẹ sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Ẹ wá pákó tó tó sẹ̀ǹtímítà 63 kí ẹ lè rí àyè gé etí rẹ̀ méjèèjì kó tọ́.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò?

Ayùn ọwọ́ tí eyín rẹ̀ kéré, rúlà, irin ìwọ̀n igun, kílámpù méjì àti sáńpépà ti tó. Àpótí ìtọ́sọ́nà ayùn, èyí tí a ti gé ojú ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ayùn má baà yà, kò wọ́nwó, ó sì máa ń mú kí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ dà bí ọwọ́ ọ̀gá. Ayùn oníná máa ń yára, àmọ́ kò pọn dandan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fi pamọ́ nípa ayùn oníná: ìtẹ́lẹ̀ ife kéré, ohun kékeré sì ni ẹnu ayùn oníná máa ń fà wọlé tàbí jù padà. Ara pákó gígùn ni kí ẹ ti máa gé wọn, kí ẹ sì fi kílámpù di pákó náà mú. Ẹyọ tí ẹ ti gé tí ẹ wá fẹ́ dín kù, ayùn ọwọ́ tàbí sáńpépà ni kí ẹ fi dín in kù. Ẹ má ṣe fi ìka dì í mú níwájú ayùn tó ń yí.

Báwo ni mo ṣe lè gé èyí tó rí róbótó?

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni ayùn róbótó tí a máa ń so mọ́ ẹnu dírìlì. Ó yára, gbogbo ẹ̀yọ á sì dọ́gba, ṣùgbọ́n irin tó wà láàárín rẹ̀ máa ń lu ihò kékeré sí àárín igi, ẹ sì máa ní láti fi igi kékeré dí ihò náà tàbí kí ẹ fi kọ́ọ̀kì bò ó. Ẹ lu u dé ìdajì láti ojú kan, kí ẹ wá yí pákó padà kí ẹ lu u láti ojú kejì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà ya. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi kọ́ńpáàsì fa ìlà, kí ẹ gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pákó kúrò kó di onígun mẹ́jọ, kí ẹ sì wá máa fi fáìlì àti sáńpépà ha á títí yóò fi dé ojú ìlà. Ọ̀nà kejì yìí pẹ́, àmọ́ òun ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kò fi ihò kankan sílẹ̀.

Mo gé tèmi lára ẹ̀ka igi, ó sì ti là láti etí dé àárín. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ kò ṣe ohunkóhun tó burú ju pé ẹ kánjú lọ. Ẹyọ mẹ́jọ ni èmi náà kọ́kọ́ gé lára ẹ̀ka tútù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo sì tò wọ́n sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé, inú mi ń dùn pé wọn yóò tètè gbẹ. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, méje ti là nínú wọn. Ẹ̀kẹjọ là ní ọjọ́ kẹrin.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí igi ṣe ń sún kì. Omi tó wà nínú àlàfo igi ló máa ń kọ́kọ́ jáde, èyí kì í sì í yí ìtóbi igi padà. Nígbà tí omi bá ti lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 30 nínú 100, omi tó wà nínú ara fọ́nrán, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó para pọ̀ di igi, á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, igi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Ṣùgbọ́n kì í sún kì bákan náà ní gbogbo ọ̀nà. Ní gígùn igi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sún kì rárá. Láti àárín lọ sí èèpo, ó máa ń sún kì díẹ̀. Ní títẹ̀lé òrùka ọdún yíká, ìyẹn àwọn òrùka tó ń fi ọjọ́ orí igi hàn, ó máa ń sún kì ní nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí. Nínú ẹ̀ka tí a gé róbótó, etí fẹ́ kúrú ju bí àárín ṣe lè gbà á láyè lọ, kò sì sí ibi tí yóò gbà ju kí ó là. Lékè gbogbo rẹ̀, ojú ìgé, ìyẹn ojú tí ayùn ti gé fọ́nrán kọjá, ni omi ti ń yára jáde jù, ó lè tó ìlọ́po mẹ́wàá bó ṣe ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ pákó, nítorí náà oòrùn ojú fèrèsé ló tún wá dá kún ọ̀ràn náà.

Ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́ pọ̀, kò sì sí èyí tó dájú tán. Ẹ gé wọn nípọn ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀, kí ẹ lè ha á kúrò nígbà tó bá gbẹ. Ẹ kó wọn sínú àpò bébà, ẹ da ìyẹ̀fun ayùn gbígbẹ sí àárín wọn, kí ẹ gbé e sí ibi tí kò sí oòrùn, kí ẹ sì máa yí wọn padà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá gé ẹ̀ka náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀ dípò kí ẹ gé e tààrà, tí ojú rẹ̀ fi rí bí ẹyin, fọ́nrán rẹ̀ á dà sí ẹ̀gbẹ́, kì í sì í sábà là bíi ti róbótó. Àwọn kan máa ń rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n pò mọ́ polyethylene glycol, èyí tó ń gba ipò omi nínú fọ́nrán tí kì í sì í jẹ́ kó sún kì. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú igi tí a ti rẹ sínú rẹ̀ máa ń ní ìkọ̀ fún àwọn fánìṣì kan. Ẹ sì lè gba pé kí ó là: ẹ jẹ́ kí ó gbẹ tán, kí ẹ da epoxy aláwọ̀, ìyẹn oje alápòpọ̀ méjì tó máa ń le bí ike, sínú ìlà náà, á dà bí ẹni pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ní ti èèpo, igi tí a gé ní àkókò tí kò hùwé ló máa ń di èèpo rẹ̀ mú jù. Èèpo tó bá ti ń mì, ẹ ṣí i kúrò. Kò ní lẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ lẹ igi aláwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀. Gúlù wo ni mo máa lò?

Gúlù igi funfun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé omi kò lè tètè mú kúrò ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tó wà fún bébà àti iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé. Ẹ fi ìfági tàbí sáńpépà mú kí ẹ̀gbẹ́ igi méjèèjì tẹ́jú débi pé ìmọ́lẹ̀ kò lè gba àárín wọn kọjá, ẹ pa gúlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi kílámpù fún un fún bíi wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi ayùn kàn án. Tíìkì àti àwọn igi olóróró mìíràn nílò kí ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tí ẹ rì sínú ọtí ìnu-nǹkan nu ojú wọn, nítorí pé òróró inú wọn kì í jẹ́ kí gúlù dì mú. Ẹ sì rí i pé ìlà ara gbogbo igi náà kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá wà ní gbọọrọ tí èkejì sì wà ní ìbú, ọ̀kan á sún kì, èkejì ò ní sún kì, ojú ìlẹ̀pọ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Sáńpépà wo ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, ibo ni mo sì máa dúró?

Nọ́ńbà wà lẹ́yìn sáńpépà; bí ó bá ṣe kéré tó ni sáńpépà náà ṣe rí gbágungbàgun tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 80 bí ojú àmì ayùn bá hàn gan-an, ẹ bọ́ sí 120, 180, kí ẹ sì parí rẹ̀ ní 220. Ẹ má ṣe fo ọ̀kan nínú wọn, nítorí pé iṣẹ́ èyí tó tẹ̀lé ni láti pa ìlà tí èyí tó ṣáájú fà rẹ́. Ẹ máa tẹ̀lé ọ̀nà tí ìlà ara igi kọjú sí. Ojú ìgé máa ń mu fánìṣì jù, á sì dúdú ju ibi tó kù lọ, nítorí náà ẹ fi 320 kún un níbẹ̀. Bí ẹ bá máa lo ohun ìkunra tí wọ́n fi omi pò, ẹ fi aṣọ tútù nu ojú igi ná, kí ó gbẹ, kí irun ara igi tó bá dìde lè di ohun tí ẹ fi 220 rọra gé kúrò.

Ẹ fi ìbomú bo imú yín. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa àrùn jẹjẹrẹ, IARC, ti ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ láti ọdún 1995. Aṣọ tí ẹ kàn fi so imú kò tó. Ìbomú tó bá ìwọ̀n N95 tàbí FFP2 mu ni.

Nínú òróró, ìda oyin, fánìṣì àti shellac, èwo ni mo máa kùn ún?

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Gígé kò gbà ju wákàtí kan lọ. Ohun tí ẹ bá kùn ún ni yóò sọ bóyá ìtẹ́lẹ̀ ife náà máa pẹ́ ọdún márùn-ún tàbí oṣù márùn-ún.

Òróró mineral àti ìda oyin rọrùn jù: ẹ pa á, ẹ nù ún, ó ti tán. Ṣùgbọ́n òróró mineral kì í gbẹ láéláé, omi á máa fọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ìda oyin sì máa ń yọ́ ní nǹkan bí 62°C sí 64°C, nítorí náà ìdí ife tó gbóná gidi lè sọ ọ́ di rírọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà pé òun á máa tún un pa ní oṣù mélòó kan síra.

Òróró linseed àti tung, tí wọ́n ń fún jáde láti inú irúgbìn, yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n máa ń bá atẹ́gùn inú afẹ́fẹ́ pọ̀, wọ́n á sì le sínú igi. Ẹ pa á, ẹ dúró fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ nu gbogbo èyí tí igi kò mu kúrò pátápátá, nítorí pé ìyókù tí ẹ bá fi sílẹ̀ lójú igi máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún, pẹ̀lú ọjọ́ kan láàárín ìgbà kọ̀ọ̀kan, ló máa ń tó. Ó lè gbà tó oṣù kan kí tung tó le dé inú.

Fánìṣì polyurethane ló ń dá omi dúró jù nínú gbogbo wọn. Èyí tó jẹ́ olóróró máa ń ní àwọ̀ oyin díẹ̀, ó sì lè gba ọjọ́ kan kí ó tó ṣeé kùn lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tí wọ́n fi omi pò kì í yí àwọ̀ igi padà, ó sì máa ń gbẹ láàárín wákàtí mélòó kan. Ìgbà mẹ́ta tó fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn lọ. Ẹ fi sáńpépà 320 rọra ra ojú rẹ̀ láàárín, kí ẹ sì nu eruku rẹ̀. Ojú rẹ̀ lè ti gbẹ lọ́wọ́ ní ọjọ́ kejì, síbẹ̀ ó lè gbà tó ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó le tán. Ife gbígbóná tó bá ṣáájú àkókò yìí dé ibẹ̀ máa fi ìdí rẹ̀ ṣe òǹtẹ̀.

Shellac, ìyẹn oje tí kòkòrò kan ń pọ̀, lẹ́wà, ṣùgbọ́n ọtí ń yọ́ ọ, ooru ń mú un rọ̀, omi sì ń sọ ọ́ di funfun. Kò sí ohun tí kò lè bá a jà nínú ohun tí ènìyàn ń mu.

Bí ó bá jẹ́ èmi, polyurethane olóróró ni mo máa ń pò mọ́ ohun ìpò ọ̀dà ní ìdajì sí ìdajì, kí ó lè ṣàn, màá sì fi aṣọ pa á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Kì í fi ìlà búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kì í sì í nípọn bí ike. Ojúkojú ni kí ẹ kùn ún, títí kan ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́. Kí ẹ lè kun ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kan ìṣó mẹ́ta gba inú pákó kan kọjá kí ẹnu wọn yọ sókè, kí ẹ gbé e ka orí wọn.

Epoxy tí ń dán bíi gíláàsì ńkọ́?

Fún ife tútù, ó dára. Ọ̀pọ̀ epoxy lásán máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí 50°C sí 60°C, ìdí ife tó kún fún ohun mímu gbígbóná sì lè dé ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀, kí ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún ooru tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé aṣọ tí mo fi pa òróró lè gbiná fúnra rẹ̀?

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Òróró linseed máa ń mú ooru jáde bí ó ṣe ń le. Lára igi, ooru náà máa ń fọ́n ká; nínú aṣọ tí a ká jọ, kò rí ibi tí yóò gbà jáde, á sì máa pọ̀ sí i títí aṣọ á fi gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ ní ìta, ní ìpele kan ṣoṣo, lórí ohun tí kì í jóná, títí yóò fi gbẹ gan-an bí páálí. Tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo irin tó ní ìdérí. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe sí aṣọ tung àti fánìṣì olóróró.

Ṣé mo lè jó àwòrán sí i lára?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn sáńpépà 220 àti kí ẹ tó kun ohunkóhun. Igi tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ni àwòrán máa ń hàn lójú rẹ̀ jù. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi ya ìlà, nítorí pé yíǹkì bírò máa ń tàn ká bí fánìṣì bá kàn án. Irin gbígbóná kò gbọ́dọ̀ kan igi tó ti ní fánìṣì tàbí oògùn lára, bẹ́ẹ̀ sì ni MDF, nítorí èéfín tó máa jáde.

Kí ló dé tí ìtẹ́lẹ̀ ife fi ń lẹ̀ mọ́ ìdí ife, tí yóò sì já bọ́ bí a bá gbé ife?

Ìdí ife tẹ́jú, ojú igi náà tẹ́jú, omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà láàárín wọn tó so wọ́n pọ̀. Ojú tó dán jù ló máa ń ṣe èyí jù, ó sì máa ń bí ènìyàn nínú lẹ́yìn gbogbo wàhálà tí a fi mú un dán. Ẹ fi ayùn ha ìlà mélòó kan tó jìn ní mìlímítà kan sí ojú rẹ̀ kí ẹ tó kùn ún, tàbí kí ẹ gbẹ́ àárín rẹ̀ wọlé ní mìlímítà 2 kí ẹ sì tẹ́ kọ́ọ̀kì róbótó síbẹ̀. Kọ́ọ̀kì máa ń mu òógùn ife, kì í sì í dì í mú.

Kí ni mo máa fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀?

Kọ́ọ̀kì tó nípọn ní mìlímítà 1 sí 2, tàbí ẹsẹ̀ rọ́bà kéékèèké mẹ́rin. Ìsàlẹ̀ igi gbọ́dọ̀ ti ní fánìṣì kí ẹ tó lẹ ọ̀kankan mọ́ ọn.

Ìtẹ́lẹ̀ ife mi ti ká bí àwo. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Ojú kan gba omi, ojú kejì ò gbà á, èyí tó gba omi wú, ó sì tẹ èkejì. Ẹni tó kun òkè nìkan ló sábà máa ń rí èyí. Ẹ ha ohun tí ẹ kùn kúrò, ẹ fi omi díẹ̀ pa ojú tó tẹ̀ wọlé, ẹ gbé ohun wúwo lé e, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ láàárín igi pẹlẹbẹ méjì tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá. Lẹ́yìn náà kí ẹ kun ojú méjèèjì. Bí ó bá tín-ín-rín, ẹ gé òmíràn. Kò tó ohun à ń bá du.

Àmì òrùka funfun ti wà lójú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mú un kúrò?

Inú fánìṣì ni omi náà há sí, kò tíì dé ara igi. Bí ó bá jẹ́ ti òní, ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la, ó lè lọ fúnra rẹ̀. Bí kò bá lọ, ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ gbígbẹ lé e, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ẹ ṣí i wò, kí ẹ tún ṣe é. Òrùka dúdú kì í ṣe ìdílé kan náà pẹ̀lú funfun: omi ti kọjá fánìṣì dé ara igi, sáńpépà tó jinlẹ̀ àti fánìṣì tuntun ló kù.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú wọn?

Ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ ti fún nù wọ́n, kí ẹ sì gbé wọn dúró lórí ẹ̀gbẹ́ títí wọn yóò fi gbẹ. Ẹ má ṣe rì wọ́n sínú omi, ẹ má sì ṣe kó wọn sínú ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́. Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ẹ kán omi díẹ̀ sí ojú wọn. Bí omi náà bá kó ara rẹ̀ jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, ohun ìkunra ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá tẹ́, tí ó sì ń wọlé, àkókò ti tó láti fi 320 ra wọ́n kí ẹ sì tún wọn kùn.